Abẹ́rẹ́ Tí Mo Yọ Fún Ọkọ Mi Lẹ́nubodè

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ mi, kí ẹnikẹ́ni má baà bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi kó tó mọ ohun tí mo ṣe. Èmi Àṣíáwù, ìyá Qúdrát, ni mo kó ìrẹsì sínú àpò láfún ọkọ mi láìjẹ́ kó mọ̀. Ọkọ mi ni wọ́n mú. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ó, mo sì panu mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó ní sùúrù kó kà á tán ná, torí ó ṣì kù.

Ìtòsí Ẹ̀gùá ni abúlé wa wà, létí ààlà gan-an. Ṣàíbù ni orúkọ ọkọ mi, ọdún méjìdínlógójì ni mo sì fi jẹ́ aya rẹ̀. Àgbẹ̀ ni. Òun náà ni ládàánì mọ́ṣáláṣí wa, ẹni tó ń pe ìrun. Oko tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ wà ní ìhà Faransé, nítorí pé nígbà tí àwọn òyìnbó ń fa ààlà wọn, wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó ni oko. Ilé wa wà ní Nàìjíríà, ẹ̀gẹ́ wa wà lọ́dọ̀ Faransé. A kì í ka ìyẹn sí nǹkan kan. "Mò ń lọ sóko" la máa ń wí.

Èmi, àpò ni mò ń rán. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ni. Lọ́jà wa, bí ènìyàn bá di láfún tàbí àgbàdo sínú àpò tán, ó ní láti wá ẹni tí yóò bá a rán ẹnu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gígùn kan ni a fi ń ṣe é, pẹ̀lú fọ́nrán tí a bá tú lára àpò àtijọ́. Ọwọ́ tèmi yàtọ̀. Mo máa ń gún un lẹ́ẹ̀mejì síwájú, n óò dá a padà lẹ́ẹ̀kan, n óò wá ta etí méjì sí igun rẹ̀ bí etí ehoro, n óò sì fi kókó rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ etí òsì. Olè kò lè tú u kó tún un rán kí n má mọ̀.

Nítorí náà, àwọn oníbàárà tó ń ti Abẹ́òkúta àti Èkó wá kì í tú àpò tó bá ní etí ehoro wò. Wọn á ní, "Àpò Àṣíáwù ni, ẹ gbé e sọ́kọ̀." Orúkọ tí mo ní láyé nìyẹn. Ṣàíbù ní tirẹ̀ nínú ìrun pípè, èmi ní tèmi lẹ́nu àpò.

Lọ́dún 1984, nígbà tí ìjọba ológun ti ẹnubodè pa, n kò tíì pé ọdún mẹ́ta nílé ọkọ. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Ṣàíbù ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Ayétòrò, níbi tí àpò ṣì wà. Bí mo bá ń rán, yóò jókòó tì mí lórí agolo ọ̀dà, yóò máa tú fọ́nrán, yóò máa ki í sójú abẹ́rẹ́ fún mi. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa yọ ọ́ lẹ́nu pé, "Ṣàíbù, ṣé o ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyàwó ni?" Yóò ní, "Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ obìnrin, kó bá a wá okùn."

Bí a ṣe lò ó nìyẹn. A bí ọmọ mẹ́ta, a sin méjì. Nígbà tí a sin èkejì, ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ mi kò fi sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ń tú fọ́nrán. Gbogbo àpò àtijọ́ tó wà nílé ló tú tán. Qúdrát nìkan ló ṣẹ́kù fún wa, akọ̀wé ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlárò.

Nígbà tó yá, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Àwọn ènìyàn a máa kó àpò wá sílé fún mi bí ọjọ́ ọjà bá ku ọ̀la, n óò rán wọn sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣàíbù a sì máa jí ṣáájú ìrun àṣùbáà. N óò máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá tí àwọn àpò wà, n óò rò pé bàtà rẹ̀ ló ń wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi bàtà yẹn sọ́kàn.

Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n tún ti ẹnubodè pa. Wọn kò fẹ́ kí ìrẹsì òkèèrè wọlé mọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n tún ní ilé epo tó bá súnmọ́ ààlà kò gbọ́dọ̀ gba epo. Ọ̀kadà Ṣàíbù dúró sẹ́yìn ilé, adìyẹ sọ abẹ́ rẹ̀ di ìtẹ́. Ó lọ fa kẹ̀kẹ́ àtijọ́ yọ, kẹ̀kẹ́ tó fi gbé mi nígbà tí mo ṣì ní ìbàdí.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè wá pa àgọ́ sójú ọ̀nà oko wa, wọ́n gbé ìtì igi dábùú rẹ̀. Ọmọ Oǹdó kan tó ń jẹ́ Akínbọ̀wálé ni ọ̀gá wọn, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwa àgbẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀gẹ́ wa wà lódìkejì, kó jẹ́ ká máa lọ kó o. Ó ní, "Ẹ mú ẹnì kan wá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó fún gbogbo yín."

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣàíbù ni wọ́n mú wá.

Ọkọ mi ṣe ààlùwàlá, ó gbé ọwọ́ lé Kùránì, ó búra pé hóró ìrẹsì kan kò ní gba ọ̀nà oko kọjá, ìbáà ṣe láti ọwọ́ òun, ìbáà ṣe láti ilé òun. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé igi fún wa. A ń lọ láàárọ̀, a ń padà kí oòrùn tó wọ̀, a ń gbé ohun oko wa bọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó búra. Mo ṣe àmín.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ebi. Ebi kọ́ ló ń pa mí. Láfún wà, ẹ̀fọ́ wà, Qúdrát sì ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ọjà ló kú. Àwọn oníbàárà ọ̀nà jíjìn kò wá mọ́. N óò ki abẹ́rẹ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìborùn mi láàárọ̀, n óò jókòó títí ìrun làásárì, ẹnikẹ́ni kò ní pè mí. Èmi tí wọ́n ń tò sẹ́yìn mi tẹ́lẹ̀ ni mo wá ń lé eṣinṣin. Ohun tó mú mi nìyẹn, àìjẹ́ ẹnìkan mọ́.

Nímọ́tà ló rí mi níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, ìrẹsì ló ń tà kí wọ́n tó ti ẹnubodè.

Ó ní, "Àṣíá, àpò tiyín ṣì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà oko."

"Àpò láfún ni."

"Mo mọ̀. Ikùn àpò láfún gba nǹkan púpọ̀. Láfún nísàlẹ̀, láfún lókè, kí ìrẹsì wà láàárín. Ta ni yóò tú àpò etí ehoro wò? Ta ni yóò tú àpò ládàánì wò?"

"Ọkọ mi búra, Nímọ́tà."

"Òun ló búra. Ṣé ìwọ búra ni?"

Ọ̀rọ̀ burúkú ni, ṣùgbọ́n ó dùn létí mi. Mo sọ pé n kò ní ṣe é. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tún bẹ òun, Nímọ́tà sì mọ̀ mí, ó tún bẹ̀ mí. Nígbà kẹta, mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni o."

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Lábísí ló ń gbé ìrẹsì náà wá sí ahéré oko wa, láti inú ilẹ̀ Faransé lọ́hùn-ún. Ìgbà tí Ṣàíbù bá ń kírun ọ̀sán lábẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń dì í. Ó kọjú sí gábàsì, ó kẹ̀yìn sí mi. Kó tó sálámà parí ìrun, mo ti rán ẹnu àpò tán.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí a ṣe ń súnmọ́ ìtì igi yẹn, àyà mi ń já tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé wọn yóò máa gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ní, "Ládàánì, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ máa kọjá." Ó gbé igi. Lọ́jọ́ kejì, àyà mi já díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kò já mọ́, ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀ẹ̀kan péré di oṣù kan, ó di méjì. Nímọ́tà ń pè mí ní "ọ̀gá mi." Àwọn obìnrin tó mọ̀ ń wá kí mi nílé. Mo tún di ẹnìkan.

Mo ra jalabíà funfun kan fún ọkọ mi ní Ayétòrò, mo ní mo kó èsúsú ni. Ó wọ̀ ọ́ lọ kí Jímọ̀, ó ń fi ọwọ́ pa àyà rẹ̀ wò bí ọmọdé lọ́jọ́ ọdún iléyá. Ó ní, "Àṣíá, o fẹ́ kí wọ́n máa wò mí, kí wọ́n má gbọ́ ohun tí mò ń pè mọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, bó ti ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè odò, ó dúró, ó ń mí gúlegúle. Ó ní, "Láfún ọdún yìí wúwo."

Mo ní, "Kò tíì gbẹ dáadáa ni."

Ó ní, "Àbí ọjọ́ ogbó ni." Ó sì tún ń tì í lọ. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Mo tẹ̀ lé e, mo gbé apẹ̀rẹ̀ sórí, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti rin gbindin fún òógùn.

Ọjọ́rú kan nínú oṣù kejì ọdún 2020 ni ọjọ́ wa pé. Ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Àwa àgbẹ̀ bíi mẹ́wàá la jọ ń bọ̀, Bámgbóṣé wà lẹ́yìn wa, ọ̀rẹ́ tí ọkọ mi ti ń bá jẹun láti kékeré. Bí wọ́n ṣe gbé igi fún wa, táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bẹ́. Kẹ̀kẹ́ yẹ̀, àpò já lulẹ̀, ó bọ́ sórí kùkùté, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fàya.

Láfún ló kọ́kọ́ dà. Láfún funfun, ìrẹsì náà funfun, mo ní bóyá wọn kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n láfún a máa dúró níbi tó bá bọ́ sí, ìrẹsì ní tirẹ̀ a máa sáré. Ó sáré lọ títí, ó lọ dúró sídìí bàtà Akínbọ̀wálé.

Ṣàíbù wo ìrẹsì náà. Ó wo ẹnu àpò, etí ehoro méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí.

Kò pẹ́ rárá. N kò rí ìbínú lójú rẹ̀. Ó wò mí bí ìgbà tí mo bá ṣubú tó ń wá ibi tí mo ti fara pa.

Akínbọ̀wálé ní, "Bàbá, kí nìyí?"

"Ìrẹsì ni."

"Ta ló kó o síbẹ̀?"

"Èmi ni mo kó o síbẹ̀."

Bámgbóṣé ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ síwájú. "Ọ̀gá, irọ́ ló ń pa. Kò lè ṣe é láyé. Ẹ wo ẹnu àpò yẹn, ìyàwó rẹ̀ ló ń rán an, gbogbo ọjà ló mọ̀." Ó sì nawọ́ sí mi.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí, "Èmi ni." Mo ronú àtìmọ́lé. Mo ronú Qúdrát, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlárò. Mo ronú àwọn obìnrin ọjà. Mo ní n óò sọ ọ́ bó bá ṣe díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wà níbẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé díẹ̀ sí i yẹn kì í dé.

Ọkọ mi ní, "Ojú ìyàwó mi ń ṣe bàìbàì, kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Èmi ni mò ń bá a rán àpò."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Akínbọ̀wálé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, èmi náà ní bàbá nílé. Mo fẹ́ kí ẹ lọ sùn lórí ibùsùn yín lónìí. Ṣé ẹ lè rán ẹnu àpò báyìí?"

"Mo lè rán an."

"Ẹ rán an kí n rí."

Wọ́n ju àpò mìíràn sílẹ̀, wọ́n gbọ́n láfún tó dà sínú rẹ̀. Ṣàíbù rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó na ọwọ́. Ó ní, "Àṣíá, mú abẹ́rẹ́ wá."

Ó wà ní ìṣẹ́tí ìborùn mi, níbi tó máa ń wà. Mo yọ ọ́. Mo fi lé e lọ́wọ́.

Mo ti jẹ́wọ́ ìrẹsì fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi ipá gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Ó tú fọ́nrán kan, ó fi itọ́ mú orí rẹ̀ tutù, ó ki í sójú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gún un lẹ́ẹ̀mejì síwájú, ó dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Apá kan ọkàn mi ń gbàdúrà pé kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì í, kí ọ̀rọ̀ náà lè wá sórí ẹni tó ni ín. Apá kejì ń gbàdúrà pé kó rán an pé. Apá kejì ló lágbára jù.

Ó rán an pé. Ó ta etí òsì, ó ta etí ọ̀tún, wọ́n dọ́gba. Bámgbóṣé bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wá abẹ́ etí òsì. Kókó wà níbẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Ó ní, "Ṣàíbù, o fi Kùránì búra nítorí gbogbo wa."

Ọkọ mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n mú un lọ. Ìtì igi bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn kò sì gbé e fún àgbẹ̀ kankan mọ́. Ẹ̀gẹ́ gbogbo abúlé jẹrà sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ibi tí mo bá gbà kọjá, wọn á ní, "Ìyàwó ládàánì oníràìsì rèé." Wọn kì í bú mi o. Wọ́n ń káàánú mi, pé irú ọkọ wo ni mo fẹ́ yìí. Mo sì ń gba àánú náà.

Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n tó fi í sílẹ̀, lẹ́yìn tí Qúdrát ti sunkún kiri títí ojú rẹ̀ fi wú. Ọkọ mi ti rù. Ó kó ọwọ́ sínú bùbá, ó yọ abẹ́rẹ́ mi, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Mo rò pé wọn yóò gbà á lọ́wọ́ mi." Ó ká jalabíà funfun yẹn, ó fi í sísàlẹ̀ àpótí. Kò wọ̀ ọ́ mọ́ láyé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jí lásìkò rẹ̀, ó ṣe ààlùwàlá, ó wá jókòó sétí ibùsùn. Ohùn ẹlòmíràn ló ń pe ìrun.

Mo ní, "Ẹ ò lọ ni?"

Ó ní, "Ó ti rí ẹni tó ń pè é."

Mo gbà pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo abúlé ló gbà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe jókòó ní àràárọ̀, ètè rẹ̀ yóò máa bá ẹni tó ń pè lọ, ohùn kò ní jáde. Nígbà tí àrùn kòrónà dé tí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí pa, mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti kárí gbogbo wa. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo dà.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbìyànjú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá Qúdrát, nípa ọ̀rọ̀ àpò yẹn..."

Ó ní, "Àpò wo? Bá mi bu omi wá."

Mo dìde, mo lọ bu omi. Inú mi dùn pé ó pa mí lẹ́nu mọ́. Oúnjẹ kan náà la ṣì jọ ń jẹ, nínú abọ́ kan náà, ó sì ṣì ń ti ẹran sí apá ọ̀dọ̀ mi. Ì bá sàn kó lù mí.

Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ló kú. Ibà ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Ládàánì tó fi ọdún mọ́kànlélógún jí abúlé, ènìyàn méjìlá ló sin ín. Bámgbóṣé dúró lókèèrè lábẹ́ igi, kò súnmọ́ ibojì. Nígbà tí mo wọ yàrá tí àwọn àpò ń wà, mo bá abẹ́rẹ́ mi mẹ́ta lára ògiri. Ó ti ki fọ́nrán sí gbogbo wọn fún mi.

Mo ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Láàárín rẹ̀, rédíò kéde pé wọ́n ti ṣí àwọn ẹnubodè kan, tiwa kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo mú abẹ́rẹ́ mẹ́ta yẹn lọ sọ́jà. Oníbàárà mi kan láti Abẹ́òkúta, Ìbídùn, gbé àpò láfún mẹ́ta fún mi, mo rán wọn, ó kó wọn lọ.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọ̀kan padà wá. Ẹnu rẹ̀ ti tú lójú ọ̀nà.

Ó ní, "Ìyá Qúdrát, ẹ má bínú sí mi. Ta ló bá yín rán èyí?"

"Èmi ni mo rán an."

"Rárá o. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ra àpò yín. Mo mọ ọwọ́ yín. Èyí kì í ṣe ọwọ́ yín."

Mo gba àpò náà, mo fi ìka tọ ẹnu rẹ̀. Ó dẹ̀. Ibi tó yẹ kí n dá abẹ́rẹ́ padà, mo ti fò ó. Etí kan ga, èkejì kúrú. Mo wá kókó lábẹ́ etí òsì, kò sí níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìró ẹsẹ̀ ní kùtùkùtù nínú yàrá àpò. Bàtà kọ́ ló ń wá. Láti ọdún tí ojú mi ti bàjẹ́, Ṣàíbù ló ń jí, tó ń tú àpò tí mo bá rán, tó ń tún un rán kí ilẹ̀ tó mọ́, kó tó lọ pe ìrun. Kò sọ fún mi lọ́jọ́ kan. Kò fẹ́ kí orúkọ mi bàjẹ́ lọ́jà.

Òótọ́ ni ọkọ mi sọ lẹ́nubodè nígbà tó ní òun ló ń bá mi rán àpò. Èmi aya rẹ̀ ni mo rò pé irọ́ ni.

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ọjà, mo sunkún bí ọmọdé. Ìbídùn rò pé àpò ló dùn mí, ó ń bẹ̀ mí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, mo ní kí Lèmọ́mù Abdulfatah gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn obìnrin, mo sọ gbogbo rẹ̀: Nímọ́tà, igi máńgòrò, ìrẹsì, abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo parí, Bámgbóṣé ṣí fìlà, ó fi í bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Qúdrát, tó bá mi wá, dìde, ó jáde. Kò tíì pè mí ní ìyá láti ọjọ́ náà.

Lèmọ́mù bá mi rìn délé. Mo ní, "Alfa, ẹ forí jì mí. Ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aláìṣẹ̀ nítorí mi."

Ó dúró. "Ta ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ládàánì?"

"Ṣebí ẹ̀yin ni."

"Rárá o. Ọjọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà kó tó délé. Ó ní, 'Alfa, mo purọ́ lẹ́nubodè. N kò lè máa fi ẹnu tí irọ́ wà pe ènìyàn wá sírun.' Mo rò pé ìbúra yẹn ló ń wí. Mo ní, 'Ronú pìwà dà, Ọlọ́run aláforíjì ni, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.' Ó ní, 'Alfa, bí mo bá fẹ́ ronú pìwà dà, àfi kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. N kò sì lè kó o jẹ.' Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Òní ni mo rí i."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, irọ́ kan ni ọkọ mi pa, "Èmi ni mo kó o síbẹ̀." Bó bá kó o jẹ, orí mi ni ọ̀rọ̀ yóò wá. Oṣù méje ló fi jókòó sétí ibùsùn, tí ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ibùsùn kan náà. Gbólóhùn kan láti ẹnu mi ni ì bá dá a padà sórí ìrun pípè rẹ̀. Kò ju ìnà ọwọ́ kan lọ láàárín wa.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́wọ́ fún ọkọ tàbí aya rẹ̀, kó má dúró de díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ń pa yín lẹ́nu mọ́ nítorí ìfẹ́, ẹ má gbà fún un.

Àwọn ènìyàn ti ń lọ sí ibojì rẹ̀ báyìí. Bámgbóṣé ló ń ro ibẹ̀. N kò rán àpò mọ́. Bí ládàánì tuntun bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun ní àṣùbáà, mo máa ń dìde, n óò jókòó sétí ibùsùn níbi tí Ṣàíbù ń jókòó sí, n óò sì sọ ọ́ sókè nínú yàrá tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́: "Èmi ni. Èmi ni mo kó o síbẹ̀."